Ẹ Má Tíì Ra Irin Wíwọ́

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń gbé irin nínú ilé wa, láti Ìdí-Òrò dé Agúdà ní Èkó, pé irin gbọọrọ kan ṣoṣo kò lè sọ iyàrá di jímù. Wọ́n ní àfi kéèyàn ní èyí tó wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún fún apá, èyí tó ní igun mẹ́fà tí a ń dúró sí agbedeméjì rẹ̀, èyí tó ní tìmùtìmù tí a ń gbé kọ́ ọrùn, èyí tí ojú ìdìmú rẹ̀ kọjú síra wọn, pẹ̀lú ìdí irin oníhò tí a ń kàn mọ́lẹ̀ àti oríṣiríṣi ọwọ́ tí a ń so mọ́ ọn. Wọ́n ní kọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣan tí irin gbọọrọ kò lè dé láéláé. Irọ́ ni. Owó oúnjẹ sì ni àwọn ọmọ wa fi ń san irọ́ náà: ẹyin àti ẹ̀wà tí iṣan ì bá fi dàgbà ti di ohun tó ń dípẹtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Birmingham lọ́dún 2022, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì, Adijat Ọlárìnóyè gba góòlù ní ìpele kìlò 55. Àpapọ̀ ohun tó gbé lókè orí nígbà méjèèjì tí a ń kà jẹ́ kìlò 203. Rafiatu Lawal náà gba góòlù ní ìpele kìlò 59. Irin tí àwọn obìnrin ń gbé nírú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan: kìlò 15 ni, ó fi díẹ̀ gùn ju mítà 2 lọ, ìnípọn rẹ̀ lójú ìdìmú jẹ́ mìlímítà 25, ó sì gbọọrọ láti òpin dé òpin. Ní Paris lọ́dún 2024, Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níbi Paralympics, ó ti kìlò 167 sókè láti àyà, ó gba góòlù, obìnrin kankan kò sì tíì gbé tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpele rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Irin gbọọrọ ni òun náà gbé. Ẹnìkan á ní òfin ìdíje ló fi irin bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo èjìká wọn, kí ẹ wá fi kọ̀rọ̀ tí irin náà kò dé hàn mí.

Iṣan kò lójú tí yóò fi wo ìrísí irin. Ohun tó mọ̀ ni bí ẹrù ṣe wúwo tó, bí òun ṣe nà tó kí òun tó súnkì, bí ó ṣe rẹ òun tó kí ẹ tó sọ irin kalẹ̀, àti bóyá ẹrù oṣù tó ń bọ̀ yóò ju ti oṣù yìí lọ. Ẹni tó ń fi kìlò 40 lóṣòó lọ́dún tó kọjá, tó ṣì wà lórí kìlò 40 lónìí, irin onítìmùtìmù kò ní gbé e dé 60. Àwo kékeré oníkìlò 1.25, tí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀, ló lè ràn án lọ́wọ́, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ẹrù lé díẹ̀díẹ̀.

Ibo wá ni àwọn irin wọ̀nyí ti ṣẹ̀? Ibi ìrora ni. Al Gerard, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé irin, ló ṣe irin onígun láàárín ọdún 1980 sí 1989, nítorí pé ẹ̀yìn ń dùn ún: bí ẹrù bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dípò iwájú ojúgun, ẹ̀yìn kò ní tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Irin onítìmùtìmù wà fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kò lè yí sẹ́yìn láti di irin mú. Irin wíwọ́ ti apá wà fún ọrùn-ọwọ́ àti ìgúnpá tó ń kérora. Èyí tí ìdìmú rẹ̀ kọjú síra wà fún èjìká tó ń ta nígbà tí a bá ń ti irin láti àyà. Ọ̀pá tí a ń kì bọ abíyá láti fi rìn ni gbogbo wọn. Ta ló ní ẹsẹ̀ méjèèjì tó le, tó wá gba ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì lọ béèrè ọ̀pá abíyá? Ẹni tí oríkèé ń dùn ní tirẹ̀, kí ó ra èyí tó bá oríkèé náà mu, ọ̀kan péré. N kò bá a jà. (Bí ìrora náà bá ń bá a sùn tó ń bá a jí, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ajórin.)

Ìdí irin oníhò ló ń bí mi nínú jù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó di orí irin kan mú nílẹ̀ kí a lè máa gbé orí kejì. Igun ògiri lè ṣe é. Ẹ fi awẹ́ táyà àtijọ́ tẹ́ igun náà kí símẹ́ńtì má baà fọ́, ẹ ki orí irin sí i, ẹ gbé àpò yanrìn lé e. Ìṣirò rẹ̀ ni wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á. Irin kìlò 20 tí orí rẹ̀ kan wà nílẹ̀, nǹkan bíi kìlò 10 péré ló ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó di orí kejì mú. Ilẹ̀ ló gbé ìyókù. Ẹ fi àwo kìlò 20 sí i, ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò tó kìlò 30, ẹ sì ti ń pè é ní 40. Bí irin bá tún ṣe ń nàró sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fúyẹ́ sí i. Abájọ tí àwọn kan fi ń pariwo pé agbára àwọn lé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọwọ́ tí a ń so mọ́ irin láti fi fà á wá sí ikùn ńkọ́? Táwẹ̀ẹ̀lì tó nípọn ni, ẹ gbé e gba abẹ́ irin. Rọ́bà tó ń mú ìdìmú nípọn? Túùbù àlòkù pọ̀ lọ́dọ̀ fọganáísà. Ẹ wé e mọ́ irin kó le dáadáa, ọwọ́ yín á sọ ìyókù fún yín lọ́la.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà, tépù ni kó kọ́kọ́ mú jáde, kì í ṣe owó. Orí irin tí àwọn eléré ìdíje ń lò nípọn tó mìlímítà 50. Púpọ̀ nínú èyí tó wà nílé wa kò ju nǹkan bíi 25 sí 28 lọ. Ohun èlò ẹlẹ́nu 50 lórí irin tín-ín-rín yóò máa mì, a ó wá fi aṣọ wé e, aṣọ yóò sì yọ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lókè orí. Kí ó wọn iyàrá náà pẹ̀lú. Iyàrá ẹsẹ̀ 10 sí 12 tí a mọ̀ ní Múṣin, ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ ju mítà 3 lọ; irin ọkùnrin gùn ní mítà 2.2, ibùsùn sì ti gba tirẹ̀. Níbí nìkan ni mo ti lè gbà fún irin onígun láìsí ìrora ẹ̀yìn, nítorí oríṣi tó kúrú wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní ti òkèèrè nìkan ló ṣeé fọkàn tán. Ajórin tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù jó ní Múṣin mọ ohun tí ẹrù ń fi ojú irin rí. Ẹ ní kó lo irin tí inú rẹ̀ kún, kì í ṣe páìpù omi, kó sì jó ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan yíká, kì í ṣe kó kàn tọ́ iná sí i lójú méjì. Nígbà tó bá tutù, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, nítorí irin onígun lè jẹ́ kìlò 20, ó sì lè jẹ́ 30.

Ẹni tó bá sì ń polówó rẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé oríkèé wo ló wà fún. Bí ó bá dáhùn pé gbogbo ara ni, ẹ dá owó yín padà sápò.