Ibo Ni Dráyà Yín Ń Mí Sí?



Nílé lọ́hùn-ún, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ aṣọ. A sá a sórí okùn, ó gbẹ, a ká a, ó parí. Ta ló ń béèrè ibi tí omi ara aṣọ lọ? Ṣùgbọ́n inú ilé ni dráyà ń ṣiṣẹ́, omi yẹn sì gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Òun àti òwú wẹ́ẹ́wẹ́ ara aṣọ ni wọ́n jọ ń gba inú páìpù.

Ní Adelphi níbí, ọ̀pọ̀ ilé bíríkì wa ni wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Tí a bá gbé dráyà sí ìsàlẹ̀ ilé, ó lè jìnnà sí ògiri ìta. Oníṣẹ́ á ní kí páìpù kàn parí sínú àjà tàbí sábẹ́ ilé. Ẹ má gbà o! Igi ilé á máa rin, ògiri á bu, òwú á sì kóra jọ. Òwú yìí ń yára gbiná. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà ṣírò pé láàárín 2008 sí 2010, nǹkan bíi 2,900 iná dráyà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́dọọdún. Àìnu ẹ̀rọ náà mọ́ ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fà á. Tó bá jẹ́ dráyà onígáàsì, carbon monoxide lè padà sínú ilé; kò ní àwọ̀, kò ní òórùn.

Báwo la ṣe ń yan ọ̀nà? Ẹ wá ògiri ìta tó súnmọ́ jù, kí páìpù gba ibẹ̀ tààrà. Òfin ìkọ́lé tó wọ́pọ̀ ní kó má ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, àfi bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ nǹkan mìíràn. Kọ́nà kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́ bí igun ògiri ń gba ẹsẹ̀ bàtà 5 nínú rẹ̀. Kọ́nà méjì, ó ku 25. Páìpù irin tí inú rẹ̀ dán, tó fẹ̀ tó íǹṣì 4, ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe oníke.

Ẹnu rẹ̀ níta gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ má kọ ọ́ sí ẹ̀rọ amúlétutù, òwú á dí i. Ẹ má sì jẹ́ kó rẹlẹ̀ débi tí yìnyín á bò ó. Ìdérí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì sí i, torí òwú á há síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lu ògiri, ẹ bi ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Prince George's County. Ayálégbé, ẹ bi onílé.

Ẹ fi àwọn ọmọ sí i jàre. Tí dráyà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ní, “Lọ wò ó níta, ṣé ìdérí ṣí?” Tí kò bá ṣí, tàbí tí aṣọ ń pẹ́ kó tó gbẹ, ẹ pa á, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Kí ọmọ tó dàgbà díẹ̀ sì máa gbọn òwú inú asẹ́ dànù kẹ́ ẹ tó tún kó aṣọ sí i.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ta okùn sẹ́yìnkùlé. Òfin Maryland kò gba ẹgbẹ́ onílé láàyè láti ní kí onílé má sá aṣọ rárá. Ibẹ̀ làwọn ọmọ á ti mọ̀ pé a ń sá aṣọ, a sì ń ká a.