Ẹ Jẹ́ Kí Tíṣà Ọ̀la Tètè Rí Ọmọ: Lẹ́tà sí Àwọn Olùkọ́ Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ láwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá,

Mo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tíṣà tí ẹ máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yín sí nígbà TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ẹjọ́ kan ni mo ní í bá yín rò. Àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹni tó fẹ́ di tíṣà, ìyẹn ìtàn ẹ̀kọ́, fìlọ́sọ́fì ẹ̀kọ́ àti sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́, ẹ ti yọ ọmọdé kúrò nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ọdún méjì gbáko kàwé nípa ọmọ láìdé iwájú ọmọ kankan. Nígbà tó bá wá dé ọ̀dọ̀ wa, nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ á mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ta ló rí ọmọṣẹ́ télọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ń ka orúkọ aṣọ fún lọ́dún méjì, tí kò jẹ́ kó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì?

Ẹ̀bi àwọn ọmọ náà kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò yan iṣẹ́ yìí fúnra wọn. Òfin ni wọ́n fẹ́ kà, máàkì JAMB kò gbé wọn débẹ̀, wọ́n bá tì wọ́n sí Education. Lọ́dún 2025, máàkì 150 ni JAMB ní ó kéré jù fún yunifásítì, 100 péré sì ni fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ó burú, ṣùgbọ́n ìjọba la ó bi léèrè ìyẹn. Ohun tí ẹ ń fi wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé ni mo ń bi yín.

Ẹ jẹ́ ká mú Piaget, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì tó ṣèwádìí bí ìrònú ọmọdé ṣe ń dàgbà ní ìpele-ìpele. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Education tí kò lè ka ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ láìwòwé, ó ti kọ́ ọ sórí láti inú háńdáàtì, tí àwọn kan nínú yín tilẹ̀ fi dandan lé rírà rẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú àwọn ọmọdé ni Piaget fúnra rẹ̀ jókòó sí, títí kan àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò rẹ̀, wọ́n á bu omi sínú ife méjì tó dọ́gba, wọ́n á da ọ̀kan sínú ife mìíràn tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá bi ọmọ léèrè bóyá omi náà ṣì dọ́gba. Ọmọ ọdún márùn-ún sábà máa ń ní èyí tó wà nínú ife gíga ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dà á. Kí ni ìdánwò yẹn ń náni? Ife mẹ́ta àti omi díẹ̀. Mo ti ń bi àwọn tó ń wá ṣe TP lọ́dọ̀ wa bóyá wọ́n ti ṣe é rí. Mi ò tíì rí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tí wọ́n bá ṣe é, wọn yóò rí ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Ẹ bi ọmọ Pírámárì Wáànù ní Gẹ̀ẹ́sì pé èwo ló pọ̀ jù, á wo ojú yín, á nawọ́ sí èyí tó rò pé ẹ fẹ́ kó mú. Ẹ wá bi í ní Yorùbá pé, "Ṣé bákan náà ni wọ́n, àbí ọ̀kan pọ̀ ju ìkejì lọ?" Yálà ó gbà á tàbí kò gbà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń rò ó. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ìyẹn ní ọdún kìíní, ẹnu rẹ̀ kò ní yá láti pe ọmọ ní olódo.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ èdè yìí wò. Lọ́dún 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kejì fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo nígbà náà. Ẹgbẹ́ tó lo Yorùbá kò gbẹ́yìn. Wọ́n tayọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Láti ṣe iṣẹ́ yẹn, wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, wọ́n sì ní láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi Yorùbá kọ́ ọmọ rí. Ibo ni gbogbo rẹ̀ wọlé sí lónìí? Ìlà mélòó kan nínú háńdáàtì: ọdún tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹni tó darí rẹ̀, àǹfààní rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dìde, kó fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àlejò tilẹ̀ jókòó wo bí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ṣe ń kọ́ ọmọ. Helen Verran, ará Ọsirélíà, wà lára àwọn tó kọ́ tíṣà ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Ó máa ń jókòó sínú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn, tó yẹ kó kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń wọn gígùn, kò ṣe é bí wọ́n ti ní kó ṣe é. Okùn ló ní kí àwọn ọmọ we mọ́ páálí kékeré, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tó yí i ká. Ẹ̀kọ́ náà sì yé wọn. Nínú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ti rí ohun tó kọ sínú ìwé Science and an African Logic, tó jáde ní 2001. Akẹ́kọ̀ọ́ tiyín, ìdánwò tí onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì nì, Skinner, fi ẹyẹlé ṣe ló ń kọ́ sórí.

Ìtàn ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? "Ọjọ́ wo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà?" Ọjọ́ 17 oṣù kìíní, 1955. Akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 lọ́dún 1955. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró níwájú wọn ni kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kankan. Kí ni wọ́n ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe ń pa ariwo mọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì láìsí ìwé tó tó? Ohun tí ẹni tó máa bá ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan nílò láti mọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà tó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún náà ṣì wà láàárín wa, ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn kí wọ́n tó lọ tán.

Mo mọ èsì yín. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àga lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni pépà tí ẹ bá gbé jáde ni wọ́n fi ń gbé yín ga, wákàtí tí ẹ bá fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì Pírámárì Tú kò ní máàkì kankan. Òótọ́ ni, kò sì dára, mo sì fẹ́ kí ẹ bá Sẹ́nétì yunifásítì yín jà lé e lórí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ nínú ọgbà ara rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2022 sì fi ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá wù ú sí. Ààyè wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó má tíì kọ́ ẹnikẹ́ni, kó jókòó ti ọmọ kan, kó sì kọ ohun tí ọmọ náà sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Tó bá di ìgbà ìdánwò, dípò kí ẹ ní kó to ìpele mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ, ẹ bi í léèrè ibi tí ọmọ tó wò ti bá ọ̀rọ̀ Piaget mu àti ibi tí kò ti bá a mu. Ẹ fi sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ nìkan bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ kò ní kọ̀, lẹ́tà yín ni wọn kò tíì rí. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí sáà tuntun tó wọlé, nítorí tí táìmù-tébù bá ti jáde, ó máa ń ṣòro láti yí i padà.