Òkúta ojú ọ̀run: Màmá ẹlẹ́ja Ìlàjẹ fọwọ́ kan ti Amẹ́ríkà, ó ní tiwa dà?

Ẹni tó bá yà ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan ní Ìlàjẹ, ní Bàríga, lásìkò yìí, kó fara balẹ̀ ná. Kí màmá tó ni ìsọ̀ tó dárúkọ owó ẹja, ọ̀rọ̀ òkúta ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Màmá lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní New York ni. Ọkọ ọmọ mú un lọ sí mùsíọ̀mù ńlá kan, American Museum of Natural History. Ibẹ̀ ló ti rí irin rìgìdì kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 34, wọ́n ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún. Wọn kì í lé èèyàn níbẹ̀. Màmá fọwọ́ kàn án, ló bá figbe ta: "Ẹdùn àrá rèé!"

Ọkọ ọmọ ní rárá o, pé àáké òkúta àwọn ará ìgbàanì ló pọ̀ jù nínú ẹdùn àrá tí wọ́n ń hú nílé. Ó ní Greenland ni eléyìí wà tẹ́lẹ̀, àwọn Inuit ń gé lára rẹ̀ fi ṣe ọ̀bẹ, kí Robert Peary tó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1897. Ní 1909, $40,000 ni mùsíọ̀mù san fún ìyàwó Peary lórí òun àti méjì mìíràn.

"Àwọn tó ń fi ṣe ọ̀bẹ ńkọ́?" Màmá béèrè. Ọkọ ọmọ kàn rẹ́rìn-ín ni.

Màmá tún ní ṣé irú ẹ̀ ò já sí Nàìjíríà ni? Ó mà já o! Ní October 3, 1962, àgbẹ̀ kan wà lóko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Katsina lónìí, nígbà tó gbọ́ ìró kan gbàà! Atẹ́gùn gbá a, nǹkan kan sì rì wọlẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Ọkùnrin yìí rò pé bọ́ǹbù ni, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Nígbà tó ki ọkàn, tó lọ wò ó, òkúta dúdú tó tó kílò 18 ló bá nínú ihò.

Mars lòkúta náà ti wá. Atẹ́gùn tó há sínú rẹ̀ bá èyí tí ọkọ̀ Viking wọ̀n ní Mars lọ́dún 1976 mu. Kàdúná ni wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n ní 1988, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Robert Haag, gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi ègé kékeré kan sínú ọkọ̀ tó lọ sí Mars ní 1996, àfi bí ọmọ tó ń padà sílé baba ẹ̀.

Àwọn ará Niger tó múlé tì wá ò dákẹ́ ní tiwọn. July 2025 ni wọ́n ta òkúta Mars tí wọ́n rí nílẹ̀ wọn ní gbàǹjo ní New York, ó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là, ìjọba wọn sì ní àwọn yóò wádìí bó ṣe kúrò nílùú.

Ọjọ́ kan ni akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àkókà wá ra ẹja yíyan. Màmá bi í bóyá ó mọ Zagami. Ó ní ṣé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni?

Màmá wò ó títí, ó di ẹja fún un, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó ẹ̀.