Bátìrì Ni Ọ̀gá, Kì Í Ṣe Iná Ilé: Ẹ Fi Ọwọ́ Ara Yín Ṣe Update Kámẹ́rà Yín

Ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ohùn wọn ti yí padà. Ayàwòrán ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ lọ yà lọ́jọ́ Sátidé.

"Àbúrò, kámẹ́rà mi ti kú o."

Wọn ò sọ pé ó bàjẹ́. Ó kú ni wọ́n wí. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, kò tàn. Wọ́n yọ bátìrì, wọ́n dá a padà, kò dáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ra lẹ́ńsì tuntun kan tí kò bá kámẹ́rà wọn rẹ́. Á máa wá fókọ́ọ̀sì títí, nígbà míì gbogbo ẹ̀ á kàn dúró gbagidi. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé update firmware ló máa wò ó sàn. Wọ́n bá gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà. Ó gba náírà 8,000 lọ́wọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àárín iṣẹ́ yẹn ni bátìrì kú. Bátìrì ayédèrú ni, ó ń fi hàn pé òun kún, irọ́ ló sì ń pa.

Wọ́n yá kámẹ́rà lọ òde ọjọ́ Sátidé yẹn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, àmọ́ owó tí wọ́n fi yá kámẹ́rà jẹ èrè tan. Tiwọn lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó tún un ṣe. Ohun tó wá ń dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí wọ́n torí ẹ̀ san náírà 8,000.

Èrò mi rèé, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa bá mi jà: ẹnikẹ́ni tó bá ní kámẹ́rà, tó sì ní kọ̀ǹpútà nílé tàbí tó lè yá ti aládùúgbò, kó máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe update yìí. Ìbẹ̀rù tá a ní nípa ẹ̀ ò sí níbi tó yẹ kó wà rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Kámẹ́rà òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré tó lójú ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ètò kan ló ń sọ fún sensor pé kó ka ìmọ́lẹ̀, òun ló ń sọ fún mọ́tò inú lẹ́ńsì ibi tó máa yí sí, òun náà ló ń pinnu bí awọ ìyàwó ṣe máa rí nínú JPEG. Ètò yẹn là ń pè ní firmware. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ascher Opler ló gbé orúkọ náà jáde lọ́dún 1967 nínú ìwé ìròyìn Datamation, ó ń wá orúkọ fún ohun tó wà láàárín hardware àti software. Kò le bí irin, kò sì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Inú flash memory ló ń gbé, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kì í gbàgbé nǹkan tí kò bá tiẹ̀ sí iná. Ṣùgbọ́n flash ní ìwà kan. Kò ṣeé kọ nǹkan tuntun lé orí nǹkan àtijọ́. Ó ní láti pa odidi abala kan rẹ́ kó tó lè kọ òmíràn síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéwú á mọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ fọ wàláà kẹ́ ẹ tó kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, láàárín ìgbà tẹ́ ẹ fọ wàláà àti ìgbà tẹ́ ẹ kọ ọ́ tán. Bí agbára bá gé ní àárín yẹn, kámẹ́rà á jí, á wá ohun tó mọ̀, á rí i pé ìdajì ti lọ. Àwọn kámẹ́rà kan ní ètò kékeré míì tí update kì í fọwọ́ kàn, èyí tó lè dá wọn padà sáyé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó nílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Àìmọye èèyàn ló ti sọ fún mi pé, "Pẹ̀lú iná tiwa yìí? Mi ò jẹ́ dán an wò." Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń gbà, kọ̀ǹpútà yín ò kọ ohunkóhun sínú kámẹ́rà. Ìránṣẹ́ lásán ni. Ó lọ sórí ìkànnì àwọn tó ṣe kámẹ́rà, ó gbé fáìlì wá, ó tú u sílẹ̀ nínú zip, ó gbé e sórí mẹ́mọ̀rì káàdì. Ó parí. Ẹ yọ káàdì, ẹ kì í bọ kámẹ́rà, kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló máa kà á, tó máa fọ wàláà, tó máa kọ ọ́, bátìrì tiẹ̀ ló sì máa lò. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń daunlóòdù, fáìlì nìkan ló bàjẹ́. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un gbà. Ẹ̀rọ yín ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń lo wáyà ni ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Sony fi ń lo ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ láti orí USB. Níbẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí náà láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ kún ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fẹsẹ̀ kọ wáyà, ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn.

Yàtọ̀ síyẹn, bátìrì ni ọ̀gá. Canon àti Nikon sọ ọ́ kedere pé kẹ́ ẹ lo bátìrì tó kún dáadáa, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa iná láti ara ògiri. Tí kámẹ́rà bá rí i pé bátìrì ò tó, kì í gbà láti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tí bátìrì bá sọ fún un ló máa gbà gbọ́. Bátìrì ayédèrú tó ní òun kún, bí ẹlẹ́rìí èké ló rí. Ohun tó pa kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, mo sì bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní bátìrì mẹ́rin tẹ́ ẹ rà ní pọ́ọ́kú fún iṣẹ́ òde, èyí tó bá kámẹ́rà wá láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò fún èyí.

Tèmi rèé, bí mo ṣe ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo kọ́kọ́ wo irú firmware tó wà lórí kámẹ́rà nínú mẹ́nù (lórí ọ̀pọ̀ Fujifilm, ẹ máa tẹ DISP/BACK mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tan kámẹ́rà, á fi hàn yín). Mo kó gbogbo fọ́tò orí káàdì sórí kọ̀ǹpútà, mo wá fi kámẹ́rà fúnra ẹ̀ fọ́máàtì káàdì náà. Mo lọ sórí ìkànnì, mo wá orúkọ kámẹ́rà mi gan-an. Ẹ ṣọ́ra níbí, D7100 kì í ṣe D7200, nọ́ńbà kan ṣoṣo lè jẹ́ ìyàtọ̀. Fáìlì Canon máa ń parí sí .FIR, ti Nikon sí .bin, ti Fujifilm sí .DAT. Ẹ gbé e sí ojúde káàdì, ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa rí tẹ́ ẹ bá ṣí i. Ẹ má gbé e sínú DCIM.

Ibẹ̀ ni mo ti há. Dátà mi tán láàárín daunlóòdù, mo rà á, mo tún bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà ní òun ò rí fáìlì kankan. Mo yọ káàdì, mo dá a padà, mo tún un fọ́máàtì, mo fẹ́ sunkún. Ó tó wákàtí kan kí n tó rí i pé nítorí pé mo gba fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, browser ti fi (1) sí ìparí orúkọ ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ń wá, èyí kì í ṣe òun. Mo pa (1) yẹn rẹ́, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀. Fujifilm tiẹ̀ kọ ìkìlọ̀ yìí sórí ìkànnì wọn, ta ló ń ka ìkìlọ̀?

Ẹ lè béèrè pé tí fáìlì bá dé láàbọ̀ ńkọ́? Àwọn kámẹ́rà máa ń yẹ fáìlì wò kí wọ́n tó fọ wàláà. Ẹ rò ó bí àpò owó àjọ tí wọ́n kọ 50,000 sí lára. Ẹ kà á, ó jẹ́ 49,500. Ṣé ẹ máa gbà á? Ẹ máa dá a padà ni. Nọ́ńbà kan wà nínú fáìlì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: kámẹ́rà á ṣírò gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, tí kò bá bára mu, á ní fáìlì náà ò dáa.

"Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ rí gbà níbẹ̀?" Ó dáa, ẹ wo Canon EOS 5D Mark II. Ó jáde lọ́dún 2008, ó ń ya fídíò tó dán, àmọ́ kì í jẹ́ kí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara ẹ̀ darí ìmọ́lẹ̀ nínú fídíò bó ṣe wù ú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, firmware tuntun gbé àṣẹ yẹn lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di 2010, òmíràn tún fi 24 àti 25 fireemu ní ìṣẹ́jú àáyá kan kún un, bíi ti sinimá. Ọdún 2010 yẹn náà ni wọ́n fi kámẹ́rà yìí ya apá tó kádìí sáà kan eré tẹlifíṣọ̀n House ní Amẹ́ríkà. Fujifilm X100, tó jáde ní 2011, gba firmware 2.00 ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 tó mú kí fókọ́ọ̀sì ẹ̀ yára sí i, nígbà tí àbúrò ẹ̀, X100S, ti wà lọ́jà pàápàá! Nikon Z9 gba agbára láti ya fídíò 8K ní fireemu 60 lọ́dún 2022, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ṣá o. Panasonic ta V-Log lọ́tọ̀ fún àwọn tó ti ra GH5 tán, mi ò sì fẹ́ràn irú ẹ̀.

Ti ààbò náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Check Point fi hàn bí èèyàn ṣe lè gba ojú Wi-Fi wọ inú Canon EOS 80D, kó ti gbogbo fọ́tò inú ẹ̀ pa, kó wá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó ṣí i. Canon ṣe firmware tó dí ihò náà. Ẹ ro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ìgbéyàwó tán wò. Ìdí yìí kan náà ni mo fi ń sọ pé ẹ má gba firmware lórí WhatsApp tàbí Telegram lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n tó. Ètò tó ń darí gbogbo kámẹ́rà ni. Ìkànnì àwọn tó ṣe é nìkan ni kẹ́ ẹ ti gbà á.

Àwọn tó bá ní "ohun tí kò bàjẹ́, má tún un ṣe", mo gbọ́ wọn, wọ́n sì ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Update kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ nígbà tí òde wà ní Sátidé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í gbà kẹ́ ẹ padà sí ti àtijọ́, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé ilé iṣẹ́ gbé firmware jáde, wọ́n tún sáré gbé e wọlé. Èmi máa ń dúró ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, mo sì máa ń ka ohun tí wọ́n lọ́ ń tún ṣe. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn tún èdè kan ṣe nínú mẹ́nù tí mi ò lò, mo máa ń fi í sílẹ̀. Àmọ́ kí kámẹ́rà ní àrùn tí oògùn ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, kéèyàn sì máa pọ́n ọn kiri ọjà torí ìbẹ̀rù, ìyẹn ni mi ò gbà. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn ọmọ ọjà ni kò mọṣẹ́ o. Tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n léèrè bátìrì tí wọ́n máa lò.

Nígbà tí kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi padà dé, firmware tuntun ti wà lórí ẹ̀, lẹ́ńsì yẹn ṣì ń wá fókọ́ọ̀sì kiri. Wọ́n gbé e wá sílé mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo bá wọn wò ó: lẹ́ńsì náà ní firmware tiẹ̀ lọ́tọ̀! Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà fúnra wọn ṣe ló ń gba tiẹ̀ láti ara kámẹ́rà, láti orí káàdì kan náà. Fún àwọn míì, Sigma àti Tamron ní ohun èlò kékeré tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kọ̀ǹpútà. Ti ẹ̀gbọ́n mi gba orí káàdì. Bátìrì tòótọ́ kún dẹ́nu. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ OK.

Ìlà kan ń rìn lójú kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò mí. Ìyàwó mi pè wá pé oúnjẹ ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí ìlà náà kún, tí kámẹ́rà kú, tó sì tún tàn padà, wọ́n gbé e sójú, wọ́n sì ya mí níbi tí mo la ẹnu sí. Fókọ́ọ̀sì ẹ̀ mú ehín mi ṣinṣin. Wọn ò tíì gbà láti pa fọ́tò yẹn rẹ́ títí dòní.