Ẹ̀rín Ẹnu Géètì Kọ́ La Fi Ń Mọ̀ Pé Ara Ti Yá



Ọ̀rọ̀ awakọ̀ akẹ́rù kan ni mo mú wá, ọmọ ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Ìsọlọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un. Kò rí oorun sùn, oúnjẹ kò wù ú, ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́. Dókítà fún un ní oògùn àti ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó wá gba owó oṣù, ẹnì kan dápàárá lẹ́nu géètì, ó rẹ́rìn-ín. Súpáfáísọ̀ rí i, ó ní, "Ara rẹ̀ ti yá nìyẹn." Èmi náà wà níbẹ̀, mo tún gbá a léjìká. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ òru. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nítòsí Ṣágámù, ó jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì lè sọ ohun tó ṣe é. Ìwé kúẹ́rì ni wọ́n fi kí i káàbọ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ta ló wà nínú yín tó máa ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì lókèèrè tí yóò ní ọ́ìlì pé? Ẹ óò fa ọ̀pá ìwọn yọ, ẹ óò nù ún, ẹ óò tún tì í bọ̀ ọ́. Àwọn oníṣègùn ní ọ̀pá ìwọn tiwọn. Max Hamilton gbé ọ̀kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960. Èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní ni PHQ-9: ìbéèrè 9 lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, nípa oorun, oúnjẹ, agbára, ìbànújẹ́ àti irú wọn. Òdo ni fún "rárá", 3 fún "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́". Gbogbo rẹ̀ kò ju 27 lọ. Ní 2006, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 nílẹ̀ wa, ó sì ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 20, tó wá bọ́ sí 10, dókítà á ní ìtọ́jú ti ń mú un. Òótọ́ ni, àmọ́ ara rẹ̀ kò tíì yá. Ìgbà tó bá wá sílẹ̀ ju 5 lọ ni wọ́n tó ń pè é ní ìwòsàn. Oògùn yìí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì yá ṣì ní láti máa lò ó fún nǹkan bí oṣù 6 ó kéré tán. Ìbéèrè kẹsàn-án ló wá yàtọ̀. Ó ń bèèrè bóyá ènìyàn ń rò ó pé ikú sàn. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wo àpapọ̀ mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà rí i.

Mi ò sọ pé ìwé nìkan tó o. Àwọn ènìyàn wa kì í sáà sọ fún dókítà pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára. Peter Ebigbo rí èyí, ó sì ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ lórí irú ẹ̀dùn ara bẹ́ẹ̀ ní 1982. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo pẹ̀lú, láti 1954 ní Aro l'Abẹ́òkúta, kó àwọn aláìsàn lọ máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí.

Ohun tí a ó bèèrè nìyí: iṣẹ́ ọ̀sán ṣáájú, kò sí ìrìnàjò òru títí dókítà á fi fọwọ́ sí i, kí owó ọjọ́ tó bá lọ sí kílíníìkì má sì dín. Máàkì rẹ̀ kò kan ọ́fíìsì kankan. Ilé ìwòsàn ni kó wà. Iṣẹ́ tó lè ṣe nìkan ni kí wọ́n mọ̀. Wọ́n á ní báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé dókítà ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kán.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni a ó jókòó pẹ̀lú wọn lórí kúẹ́rì náà. Ẹni tó bá wà ní iṣẹ́ òwúrọ̀, kó yà síbẹ̀.