Ahọ́n Tí Ó Ń Ké Kéwú Kò Gbọdọ̀ Bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì



Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Ẹnu Ọ̀wá níhìn-ín ló ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń yege ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rín ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń sá fún. Ọmọ tí ó pe "three" bí "tree" lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín, lè má la ẹnu mọ́ títí sáà yóò fi parí.

Ẹ̀rọ kan wà nísinsìnyí tí à ń pè ní virtual reality. Awò ńlá kan ni ọmọ yóò gbé sójú, yóò sì dà bí ẹni pé ó wà ní ọjà tàbí ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹni inú awò yóò bi í ní ìbéèrè, òun náà yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí ó bá ṣì í sọ, yóò tún un sọ. Kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-iṣẹ́ Mondly gbé irú ẹ̀kọ́ èdè bẹ́ẹ̀ jáde ní 2017. Ní Èkó wa yìí pàápàá, Judith Okonkwo ti dá Imisi 3D sílẹ̀ láti 2016 fún iṣẹ́ awò yìí.

Ní tèmi, ohun rere ni, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò olùkọ́. Awò náà wọ́n, ó ń fẹ́ iná, òòyì sì lè kọ́ ẹlòmíràn. Meta tí ó ń ṣe Quest kò gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 10 lò ó. Bí a bá lágbára, kí a ra ọ̀kan tàbí méjì fún ìlò gbogbo ọmọ, kí olùkọ́ sì dúró tì wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ kéwú ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní. Yorùbá kò ní ìró "th", ṣùgbọ́n àfáà ti kọ́ ọmọ wa láti fi ahọ́n kan eyín pe "thalaatha". Ìró yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ "three". Ìró "dhaal" ló bẹ̀rẹ̀ "this", ti "zaay" ló bẹ̀rẹ̀ "zoo". Ṣé ẹ̀rín la fi kọ́ wọn? Rárá o. Sùúrù ni, àti àtúnkà.

Nítorí náà, kí a tó ra awò, ẹ jẹ́ kí a ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe ọlọ́jà, kí èkejì ṣe oníbàárà. Ẹni tí ó bá fi ẹnìkejì rẹ́rìn-ín, kí olùkọ́ bá a wí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi àṣìṣe ọmọ yín dá àlejò lára yá. Ibi tí a kì í ti í fi ọmọ ṣẹ̀sín ni ohun tó dára jù tí awò yẹn ń tà. Àwa lè fún wọn ní tiwa lọ́fẹ̀ẹ́.