Ibojì òrìṣà mẹ́sàn-án: eré náà dùn, ṣùgbọ́n ta ló ni igbó?

Ẹni tó bá dàgbà láàrin Ìlaro sí Ayétòrò, wọn kì í sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé a kì í dá wọ igbó tí a kò mọ̀. Láti ọdún 1889 tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó Faransé ti fa ìlà, tí Kétu bọ́ sí ọ̀hún, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ìhín, ni ọ̀nà ẹ̀yìn ti pọ̀ nínú igbó ibodè bí iṣan ara ewé. Ẹni tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì wọlé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, àwọn méjèèjì ló sì ń wá ẹni tó mọ̀nà. Bí atọ́nà bá jẹ́ olóòótọ́, ilé ni ilẹ̀ á ti mọ́ bá wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni ilẹ̀ á ti mọ́ bá wọn.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọmọ Yewa dá sí ọ̀rọ̀ ìwé eré kan tí àwọn òyìnbó ṣe nípa igbó, atọ́nà àti ibojì. Tomb of Annihilation ni wọ́n pe ìwé náà. Ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní oṣù September 2017. Dọ́là 49.95 ni wọ́n ń tà á nígbà náà, ojú ewé rẹ̀ sì jẹ́ 256. Ọ̀kan ni lára àwọn ìwé tí wọ́n ń lò fún Dungeons & Dragons, eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson dá sílẹ̀ lọ́dún 1974.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín o. Eré orí tábìlì ni. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó, oníkálukú á mú akọni kan: ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan oníṣègùn, ọ̀kan olè tó mọ tàkúté tú. Ẹnì kan á di ìwé mú, òun lolùdarí, á máa sọ ohun tí wọ́n rí fún wọn. "Ẹ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn òkúta. Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fo kòtò kọjá, dáìsì lá sọ bóyá ó fò ó tàbí ó já sí i. Dáìsì bí i ti lúdò ni, àfi pé èyí tí wọ́n ń lò jù ní ojú 20.

Òbí tó bá bá irú ìwé báyìí lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀ tó wà ní poli lè pariwo ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ pariwo. Ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1980 sí 1989, àwọn òbí kan gbé e kiri pé ìbọ̀rìṣà èṣù ni eré náà. Kò sí ìmùlẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Ìwé, pẹ́ńsù, dáìsì àti ẹnu tó mọ ìtàn sọ ni gbogbo rẹ̀.

Ìtàn inú ìwé náà nìyí. Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá kú, àwọn àlùfáà alágbára lè jí i padà. Lójijì, àjíǹde tán. Òkú tí wọ́n fẹ́ jí kò jí mọ́, àwọn tí wọ́n ti jí tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù lójoojúmọ́ bí àbẹ́là tí iná ń jẹ. Ọlọ́rọ̀ obìnrin kan, Syndra Silvane, wà lára wọn. Ó rán àwọn akọni lọ sí ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Chult, ilẹ̀ igbó dúdú, láti lọ wá ohun tó ń fa àrùn náà. Acererak ló wà nídìí ọ̀rọ̀, oṣó kan tó ti kú tipẹ́ tí kò gbà kí wọ́n sin òun. Ó ti gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ nísàlẹ̀ ibojì tó ń gbé ẹ̀mí òkú mì. Inú ìlú ahoro kan ni ibojì ọ̀hún wà, Omu sì ni wọ́n pe ìlú náà. Yorùbá tó bá rí orúkọ yẹn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, nítorí ibi tí ọkàn rẹ̀ máa lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ká má purọ́, ìwé náà ní ohun tó dáa nínú. À ń sunkún, à ń ríran.

Àkọ́kọ́, ó mọ̀ pé igbó kì í ṣe ẹgbẹ́ ọgbà ìtura. Lórí máàpù rẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì 10, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ sì lè rìn ká lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ni olùdarí máa ju dáìsì wò bóyá nǹkan máa yọ sí wọn. Omi mímu jẹ́ ọ̀ràn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ohun ìgbómi òjò dání. Ẹni tí kò bá fi oògùn kòkòrò para sùn, àìsàn agbọ̀nrìrì lè mú un. Ẹni tí ẹ̀fọn Yewa ti jẹ rí ò ní bá òǹkọ̀wé jiyàn lórí ìyẹn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ atọ́nà. Ní èbúté Port Nyanzaru tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, oríṣiríṣi atọ́nà ló wà fún wọn láti háyà, oníkálukú ló sì ní ohun tó ń wá nínú ikùn. Eku, tó dà bí arúgbó obìnrin lásán, ẹ̀dá ọ̀run rere ló fara pamọ́. Salida, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, amí ọ̀tá ni. Ibí yìí ni eré náà ti jọ ọ̀nà ẹ̀yìn ibodè jù lọ: kì í ṣe ẹranko ló ń pa ènìyàn ju, ẹni tí a jọ ń rìn ni.

Ẹ̀kẹta, ibojì náà gan-an. Ìpele mẹ́fà ló jẹ́, ọ̀fìn, tàkúté àti àlọ́ apamọ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Òrìṣà mẹ́sàn-án tí àwọn ará Omu ń bọ ni Acererak pa sin síbẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí òrìṣà kan fi sílẹ̀, òrìṣà yẹn lè gùn ún. Kubazan á fún un lágbára bí erin, á sì sọ ọ́ di ẹni tí kì í wo ẹsẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Obo'laka ní tirẹ̀ á sọ ọ́ di ojo. Àwọn òrìṣà náà sì ń bá ara wọn ṣọ̀tá, nítorí náà ọ̀rẹ́ méjì tó jọ wọlé lè bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí ẹni tó gùn wọ́n. Ẹni tó ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó lójú agbo mọ̀ pé èyí kì í ṣe àwàdà. Òun ló dùn jù nínú ìwé náà.

Ikú ibẹ̀ sì jẹ́ ikú. Lọ́dún 1975 ni Gygax ti kọ́kọ́ lo Acererak yìí, nínú Tomb of Horrors, láti fi dán àwọn aláṣejù eléré wò, wọ́n sì tẹ ìyẹn jáde lọ́dún 1978. Èyí tuntun náà kò ṣàánú. Akọni tó bá kú kò ní jí, olówó rẹ̀ á sì mú bébà mìíràn.

Àléébù ńkọ́? Ìwé náà ń sáré, ó sì tún ń ṣeré lójú ọ̀nà. Ó ní Syndra ń kú lọ, kí wọ́n yára. Lẹ́yìn náà ó ṣí igbó ńlá sílẹ̀ pé kí wọ́n máa rìn kiri, kò sì sọ ibi tí Omu wà fún wọn. Akọni tó láàánú lójú kò ní yà wo ohun tó dùn lọ́nà, ẹni tó bá sì yà wò ó ti gbàgbé aláìsàn. Olùdarí tó gbọ́n á dín ìyára àrùn náà kù.

Ṣùgbọ́n èyí tó dunni jù ni ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Ká ní wọ́n ka ìwé yìí fún àgbà ọdẹ kan ní Ayétòrò, ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́: "Ọmọ mi, ta ni wọ́n júbà kí wọ́n tó wọgbó?" Kí ni ọmọ á fi dáhùn? "Ẹ má bínú, bàbá, ìwé ò béèrè ìyẹn." Ìwé àṣẹ kan wà lóòótọ́ tí aṣàwárí gbọ́dọ̀ gbà kó tó wọ inú igbó Chult. Ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń gbà á? Ọwọ́ Flaming Fist, ọmọ ogun àjèjì láti Baldur's Gate, tí wọ́n kọ́ odi sí etí igbó ọlọ́mọ. Ará ibodè mọ irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti 1889. Ìwé náà mẹ́nu bà á bí ẹni ń sọ iye iyọ̀ lọ́jà, ó sì kọjá lọ.

Àwọn ará Omu ńkọ́? Acererak kó wọn lẹ́rú, ó fi wọ́n gbẹ́ ibojì, ó sì pa wọ́n. Onílé ti kú kí àlejò tó dé, kí ló kù láti tọrọ gáfárà fún? Ọmọ ọba méjì péré ló kù, Mwaxanaré àti àbúrò rẹ̀ Na, tí wọ́n wà nínú ìgbèkùn. Ọ̀gbún ìtàn nìyẹn, ìwé náà sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ní oṣù October 2017, akọ̀ròyìn Cecilia D'Anastasio ti kọ ọ́ sí Kotaku pé wọ́n ro Áfíríkà pọ̀ mọ́ra wọn bí ẹni ro àmàlà, wọn ò mọ ti ìlú kan yàtọ̀ sí ti ìkejì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lọ́dún 1938, ọdún 36 kí D&D tó dé, D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó sì kó ẹgbẹ́ jọ: Kàkó oníkùmọ̀, Ìmòdóyè ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ olórin, Ẹfọ̀ìyẹ̀ tafàtafà. Oníkálukú ní ẹ̀bùn tirẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló padà wálé. Ṣebí ohun tí òyìnbó ń tà ní dọ́là 49.95 náà nìyẹn? Ìyàtọ̀ kan ni pé àwọn ọdẹ Fágúnwà ní ìlú tó rán wọn, ìlú náà sì ń retí wọn.

Ìdájọ́ kò ṣòro. Ibojì inú ìwé náà dára gan-an, igbó rẹ̀ dára díẹ̀, ìlú rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣeré ní Ìlaro, kó gba ìwé àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ àjèjì, kó fi sọ́wọ́ Mwaxanaré. Kó jẹ́ pé òun ni akọni máa júbà kí wọ́n tó tẹ ẹnu ibojì bàbá rẹ̀. Ìyípadà kan péré nìyẹn, gbogbo eré á sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ tó bá sì ní àlọ́ lẹ́nu, kó má fi mọ sórí ṣíṣe eré. Láti ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ náà ti ṣí DMs Guild sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni lè kọ ìrìn-àjò tirẹ̀ sí kó sì tà á, ìdajì owó sì jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ìlaro ń ṣọdún Ọ̀rọ̀nà jagunjagun, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó láti Kétu dé Ìlaro, àgbà ọdẹ ṣì wà ní Ayétòrò tó lè sọ ìtàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí onígbó ò bá sọ̀rọ̀ igbó, àlejò á máa tà á fún un ní dọ́là.